Ìwé Àkọ́kọ́ Ọmọ Ọwọ́: Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Èyí Tí Yóò Mú Un Fẹ́ràn Ìwé

Ìwé àkọ́kọ́ tí mo rà fún àkọ́bí mi lẹ́wà púpọ̀. Bébà rẹ̀ ń dán, àwòrán inú rẹ̀ ṣeé gé kọ́ sára ògiri, ìtàn rẹ̀ sì gùn dáadáa. Ọmọ náà kò ju oṣù méje lọ. Mo gbé e lé ẹsẹ̀, mo ṣí ojú ewé kìíní, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. N kò tíì ka ìlà kẹta tán tí mo fi gbọ́ "fàà!" Ó ti ya ìdajì ojú ewé náà, ó sì ti kì í bọ ẹnu. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó figbe ta, mo wá gbé ìwé náà lọ sórí kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò ní tó. Ibẹ̀ ló wà títí ọmọ fi pé ọdún mẹ́rin.

Ó pẹ́ kó tó yé mi pé ọmọ yẹn kò ṣẹ̀. Ojú àgbà ni mo fi yan ìwé ọmọdé. Ọmọ ọwọ́ kì í fi ojú nìkan kàwé: ẹnu ló fi ń tọ́ ọ wò, ọwọ́ ló fi ń gbá a, etí ló fi ń gbọ́ ohùn ẹni tó gbé e lẹ́sẹ̀. Látìgbà náà, nǹkan méjì ni mo máa ń wò bí mo bá fẹ́ ra ìwé fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì: ibi tí ara ọmọ náà dé lónìí, àti bóyá ẹnu ẹni tí yóò máa kà á fún un gbádùn rẹ̀. Ìyókù, ọ̀ṣọ́ ni.

Ìgbà wo ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀?

Ọ̀pọ̀ òbí máa ń bi mí pé, "Kí ni ọmọ tí kò tíì lè gbé ọrùn dúró fẹ́ fi ìwé ṣe?" Ìbéèrè gidi ni. Àmọ́ etí ọmọ ti ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó bí i. Lọ́dún 1986, Anthony DeCasper àti Melanie Spence gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní kí àwọn aláboyún máa ka ìtàn kan náà sókè lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó kángun sí ìbímọ. Nígbà tí wọ́n bí àwọn ọmọ náà, wọ́n fi orí ọmú onírọ́bà sí wọn lẹ́nu, tó jẹ́ pé bí ọmọ bá ṣe ń fà á ló ń pinnu ìtàn tí yóò máa gbọ́. Ìtàn tí wọ́n ti ń gbọ́ láti inú ikùn ni wọ́n ń fà á fún.

American Academy of Pediatrics, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà, ti ń sọ láti 2014 pé kí òbí máa kàwé sókè fún ọmọ láti ìgbà ìkókó. Ní 2024 wọ́n tún un sọ: láti ọjọ́ ìbí ni. Bí ọmọ yín bá ti wá pé oṣù mẹ́wàá tí ẹ kò tíì kàwé fún un rí, ẹ má torí ìyẹn dààmú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dé. Kò sí ìdí láti tún padà lọ ra ìwé ìkókó fún ọmọ tó ti ń rá kòrò.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ wo ohun tí ojú, ọwọ́ àti ẹnu ọmọ lè ṣe

Ó dára kí ẹ wo iye oṣù tí wọ́n kọ sẹ́yìn ìwé, àmọ́ ọmọ yín kò ka ẹ̀yìn ìwé náà. Ọmọ méjì lè jọ pé oṣù mẹ́jọ kí ọ̀kan ti máa rá kòrò káàkiri ilé, kí èkejì ṣì máa mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí ìjókòó. Ọmọ tó wà níwájú yín ni kí ẹ wò.

Láti ọjọ́ ìbí sí nǹkan bí oṣù mẹ́ta, ohun tó bá wà ní nǹkan bí 20 sí 30 sẹ̀ǹtímítà sí i ló ń rí dáadáa. Ìyẹn kò ju àlàfo tó wà láàárín ojú ìyá àti ojú ọmọ tó ń mu ọmú lọ. Ohun tó bá jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ ń ṣe bàìbàì lójú rẹ̀. Gbogbo àwọ̀ rẹ́súrẹ́sú tí àgbàlagbà ń pè ní àwọ̀ ọmọdé, kò sọ ohun kan fún un. Dúdú kirikiri lórí funfun báláú ló ń fa ojú rẹ̀: ìlà tó nípọn, àmì róbótó, àti ojú èèyàn. Àwòrán kan ṣoṣo lójú ewé kan ti tó. Ìwé páálí tó ṣeé nà gbọọrọ kó sì dá dúró ló wúlò jù ní àsìkò yìí, nítorí ẹ lè gbé e síwájú rẹ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ́ ẹ dojú bolẹ̀ kí ọrùn rẹ̀ lè gba agbára, tí ẹ̀yin náà sì wà nítòsí. Ọ̀rọ̀ inú ìwé kò tíì já mọ́ nǹkan kan ní oṣù wọ̀nyí. Bó bá wù yín, ẹ ka ìwé ìròyìn tó wà lọ́wọ́ yín fún un, kí ohùn yín máa lọ sókè, kó máa lọ sódò. Kò ní bínú.

Tó bá di oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà, ojú ti ń mọ àwọ̀, ọwọ́ ti ń nà. Ohunkóhun tí ọwọ́ bá sì bà, ẹnu ló ń lọ. Àkókò ìwé aláṣọ nìyí, àti ìwé onírọ́bà tó ṣeé gbé wọnú omi ìwẹ̀. Èyí tó ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ bí wọ́n bá fún un lọ́wọ́ máa ń dùn mọ́ wọn gan-an, torí ìgbà yìí ni ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i pé òun lòun mú kí nǹkan dún. Ẹ má retí pé yóò jókòó wo àwòrán. Bó bá jẹ igun ìwé fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ti kàwé tòní.

Bó bá ti ń jókòó, ìwé páálí kéékèèké ló kàn. Ẹ yan èyí tí ọwọ́ ọmọ méjèèjì lè gbá mú, torí pé yóò fi gbá ilẹ̀, gbà, gbà, gbà, yóò sì jù ú nù láti wò ó bóyá ẹ ó bá òun mú un. Ìwé tí wọ́n lẹ nǹkan mọ́ kí ìka lè mọ̀ ọ́n lára dára ní àsìkò yìí: ibi kan múlọ́múlọ́, ibi kan págunpàgun, ibi kan ń yọ̀ bọ̀rọ́. Ìwé tó ní dígí tí kì í fọ́ náà dára, nítorí kò sí àwòrán tí ọmọ oṣù méje fẹ́ràn tó ojú ara rẹ̀, bí kò tilẹ̀ tíì mọ̀ pé òun ni.

Ní tèmi, oṣù mẹ́sàn-án ló dùn jù láti wò. Lọ́dún 1998, olùwádìí nípa ọmọdé kan, Judy DeLoache, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé bí ọmọ oṣù mẹ́sàn-án bá rí fọ́tò nǹkan nínú ìwé, ó máa ń fọwọ́ pa á, ó máa ń lù ú, ó tilẹ̀ máa ń gbìyànjú láti ṣà á kúrò lójú ewé. Nígbà tí àwọn ọmọ bá fi máa pé oṣù mọ́kàndínlógún, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe ìyẹn mọ́, ìka ni wọ́n ń nà sí i. Nítorí náà, ọmọ yín tó ń họ ojú ewé kò fẹ́ ba ìwé jẹ́. Bọ́ọ̀lù tó rí níbẹ̀ ló fẹ́ mú. Ẹ sọ fún un pé, "Bọ́ọ̀lù! Bọ́ọ̀lù rọ̀bọ̀tọ̀!", kí ẹ sì gbé bọ́ọ̀lù gidi fún un bó bá wà nítòsí. Àsìkò yìí kan náà ni àtàǹpàkò àti ìka ìtọ́ka ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń jọ mú nǹkan kékeré, tí ọmọ sì ti ń mọ̀ pé ohun tí a bò mọ́lẹ̀ kò lọ. Ìdí nìyẹn tí ìwé onídèérí kéékèèké, tí èèyàn ń ṣí láti wo ẹni tó sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀, fi máa ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Eré bojúbojú ni, inú ìwé ló kàn wà.

Lẹ́yìn ọdún kan, ọmọ ti ń fi ìka tọ́ka, ó ń dárúkọ nǹkan ní ọ̀nà tirẹ̀, ó ń dún bí ẹranko. Ìwé tó ní gbólóhùn kan tàbí méjì lójú ewé, nípa ohun tó ń ṣe lójoojúmọ́, ló bá a mu: wíwẹ̀, wíwọ bàtà, jíjẹun, sísùn. Ìtàn gbọọrọ kò tíì yá.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ yẹ ara ìwé náà wò bí ẹni pé jíjẹ ni ọmọ fẹ́ jẹ ẹ́

Nítorí pé yóò jẹ ẹ́. Ẹ fi ìka yín gba igun rẹ̀ kọjá: ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ róbótó, kò gbọdọ̀ gún yín. Ẹ gbé e wò: ọmọ tó dùbúlẹ̀ máa ń jù ú lu ojú ara rẹ̀, nítorí náà kò yẹ kó wúwo. Ẹ ṣí i gbayawu lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ojú ewé bá ti ń tú níwájú yín, kò ní lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ ọmọ. Ẹ fa gbogbo ohun tí wọ́n lẹ mọ́ ọn: ojú ológbò, bọ́tìnnì, rìbọ́ọ̀nù. Ohun tó bá mì kò dára. Okùn gígùn tó lè yí ọmọ lọ́rùn kò dára rárá.

Fún ohun kéékèèké tó lè já bọ́, ìwọ̀n kan wà. Ní Amẹ́ríkà, ihò róbótó tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 31.7 mílímítà ni wọ́n fi ń dán ohun ìṣeré àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta wò. Ohun tó bá wọ inú rẹ̀ lódindi lè há ọmọ lọ́fun. Páálí róbótó tó máa ń ṣẹ́kù bí tíṣù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bá tán fẹ̀ díẹ̀ ju ìyẹn lọ, òun ni kí ẹ fi dán an wò nílé. Ohun tó bá gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ má jẹ́ kó sún mọ́ ọmọ.

Ìwé tó ń kọrin ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Bátìrì pẹlẹbẹ tó rí bíi bọ́tìnnì ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Bí ọmọ bá gbé e mì tó sì há sí ọ̀nà ọ̀fun, ó lè jó ibẹ̀ láàárín wákàtí méjì. Síkúrù ni kí wọ́n fi de ìdérí ibi tí bátìrì wà, kó má jẹ́ èyí tí èékánná lè ṣí. Bí ẹ bá tilẹ̀ fura pé ọmọ ti gbé e mì, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró de àmì kankan.

Ìwé àlòkù dára, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ kàn fi aṣọ tútù díẹ̀ nu páálí rẹ̀, ẹ fọ aláṣọ, ẹ má sì gba èyí tó ń rùn bí ilẹ̀ tútù, torí ìdọ̀tí ọ̀rinrin ti wọ inú rẹ̀. Fún ìwé àtijọ́ tí àwọn òbí àgbà tọ́jú, àjọ tó ń rí sí ààbò ọjà ní Amẹ́ríkà fi 1985 ṣe ààlà nítorí òjé tó máa ń wà nínú yíǹkì ìgbà àtijọ́. Èyí tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú ìgbà náà, ẹ fi ṣe ohun ìrántí, kí ẹnu ọmọ má kàn án.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ kà á sókè kí ẹ tó sanwó

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà. A ó ṣí ìwé, a ó wo àwòrán, a ó ní "ó mà dára o," a ó sì gbé e lọ. Lálẹ́ ọjọ́ náà la ó tó mọ̀ pé gbólóhùn inú rẹ̀ ń kọ́ni lẹ́nu. Ìwé tí ẹ ń rà yìí, ẹ ó kà á ní ìgbà ogójì, ó lè jẹ́ ọgọ́rùn-ún. Bí kò bá dùn ní ẹnu yín lẹ́ẹ̀kẹta, kí ni yóò jọ lẹ́ẹ̀kẹtàdínlógún? Ọmọ sì mọ̀ bí ohùn òbí bá ti rẹ̀.

Ẹ dúró níbi tí ẹ wà, ẹ rọra kà á jáde lẹ́nu. Tójú bá ń tì yín, ẹ máa mi ètè. Ẹ gbọ́ méjì yìí:

"Ní ọjọ́ kan, ológbò kan tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ gbogbo àwọn ẹranko yòókù pinnu pé òun yóò lọ wo ohun tí ó wà ní ẹ̀yìn ògiri."

"Ológbò ń bọ̀, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó dé ògiri. Ó fò, fìrì! Ó balẹ̀, gbì!"

Ìkíní kò ní àṣìṣe kankan. Àmọ́ ìkejì ni ọmọ oṣù mẹ́jọ yóò dúró gbọ́. Ohùn rẹ̀ ń rìn, ó ń dúró, ó tún ń fò. Èdè wa ní irú ọ̀rọ̀ báyìí lọ́pọ̀lọpọ̀: kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, wàràwàrà, gbàgà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, fòò, báláú. Ìwé tó bá fi wọ́n ṣeré ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà fún yín. Ohun tí mo ń wá gan-an ni ìpadàbọ̀: gbólóhùn kan tó ń tún ara rẹ̀ sọ lójú ewé kọ̀ọ̀kan, tí ọmọ yóò mọ̀ pé ó ń bọ̀, tí yóò ti máa gbọ̀n ẹsẹ̀ kó tó dé.

Ẹ ṣọ́ra fún ìwé tó ń fi ipá wá orin. Òǹkọ̀wé mìíràn yóò yí ọ̀rọ̀ po títí ó fi dún bákan náà ní ìparí ìlà, ìtumọ̀ ti sọ nù, ohùn ọ̀rọ̀ ti daru. Ẹnu yín ni yóò kọ́kọ́ mọ̀: ẹ ó máa kọsẹ̀ níbì kan náà ní gbogbo ìgbà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ wo àwòrán bí ẹni tí kò rí nǹkan náà rí

Èèyàn mọ̀ pé nǹkan róbótó aláwọ̀ àlùkò tó ní ẹsẹ̀ méjì, tó dé fìlà, ẹyẹ ni wọ́n fẹ́ kó jẹ́. Ọmọ ọwọ́ kò mọ̀. Kò tíì rí ẹyẹ tó pọ̀. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ààbọ̀, fọ́tò tàbí àwòrán tó jọ nǹkan gidi ló sàn jù: ife tó jọ ife, ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín, ajá tó jọ ajá tó ń kọjá níta. Kí ẹ̀yìn àwòrán mọ́, kí nǹkan mẹ́wàá má wà lójú ewé kan. Ẹ gbé ìwé náà jìnnà sí ojú yín díẹ̀, ẹ wò ó fẹ̀ẹ́rẹ́. Bí ẹ kò bá mọ ohun tó wà níbẹ̀ kíá, ọmọ kò ní mọ̀ ọ́n.

Mo ti yin ìwé onídèérí lókè yìí, mo sì ń yìn ín síbẹ̀, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó pọ̀ jù. Ní 2010, Medha Tare, DeLoache àti àwọn mìíràn ṣàwárí pé àwọn ọmọ tí wọ́n ń lọ sí ọdún méjì máa ń kọ́ ohun tó kéré nínú ìwé tó kún fún nǹkan tí ń fò sókè, tó ṣeé fà, tó ṣeé ṣí, ju bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ nínú ìwé tí àwòrán rẹ̀ kàn jókòó jẹ́ẹ́. Ọwọ́ ń ṣe eré, ojú kò sì wo nǹkan. Ẹyọ kan nínú ìwé márùn-ún tó, lójú tèmi.

Ó tún yẹ kí ọmọ rí ẹni tó jọ òun àti àwọn ará ilé rẹ̀. Lọ́dún 1990, ọ̀jọ̀gbọ́n Rudine Sims Bishop fi ìwé wé dígí àti fèrèsé: ọmọ ń rí ara rẹ̀ nínú ọ̀kan, ó ń rí ẹlòmíràn láti ojú èkejì. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ní fèrèsé púpọ̀, wọn kò ní dígí. Bí gbogbo ojú tó wà nínú àwọn ìwé tí ẹ kó jọ kò bá jọ ti ẹnikẹ́ni nílé yín, ẹ wá méjì sí i tó jọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Èdè wo?

Èdè tí ọkàn yín ń sọ ni. Ìwé tó wà lọ́wọ́ lè má jẹ́ Yorùbá, ìyẹn kò ní kí ẹ máa ka ohun tí kò dùn yín lẹ́nu. Ìwé ọmọ ọwọ́ kò ju àwòrán àti gbólóhùn péréte lọ. Ẹ wo àwòrán, kí ẹ fi Yorùbá sọ ọ́. Tó bá wù yín kí ó máa jẹ́ bákan náà lójoojúmọ́, ẹ jókòó ní alẹ́ ọjọ́ kan, ẹ kọ gbólóhùn tiyín sórí bébà alẹ̀mọ́, ẹ lẹ̀ ẹ́ bo ti inú ìwé. Mo ti ṣe é fún bí ìwé mẹ́fà. Ọmọ tí ń gbọ́ ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ lójoojúmọ́ ń kọ́ ìyàtọ̀ igbá sí ìgbà kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ọ. Bí òbí kan bá ń sọ Yorùbá, tí èkejì ń sọ èdè mìíràn, kí kálukú ka ìwé kan náà ní èdè tirẹ̀. Kò ní da ọmọ lórí rú.

Ìwé tó dára jù nílé mi, àwa la ṣe é. Ẹ wá álúbọ́ọ̀mù fọ́tò kékeré, irú èyí tó ní àpò ọ̀rá. Ẹ ya fọ́tò èèyàn mẹ́fà tó ń gbé ọmọ náà àti nǹkan mẹ́rin tó fẹ́ràn: bàtà rẹ̀, ife rẹ̀, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ajá tó bá wà. Ojú ewé kan, fọ́tò kan. Ẹ gé páálí sí ẹ̀yìn fọ́tò kọ̀ọ̀kan kó lè le, ẹ fi séló dí ẹnu àpò náà pinpin kó má baà ṣí. Ẹ kọ gbólóhùn kan sí i: "Ta nìyí? Bàbá ni!" Ọmọ tó kọ ẹ̀yìn sí gbogbo ìwé yòókù kì í kọ ẹ̀yìn sí èyí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Mélòó ló tó?

Díẹ̀. Mẹ́rin sí mẹ́fà nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ti tó fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Ẹ tọ́jú ìyókù, kí ẹ pààrọ̀ wọn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ní 2011, olùwádìí Jessica Horst àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka ìtàn fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta. Àwọn tí wọ́n ń ka ìtàn kan náà fún léraléra mọ ọ̀rọ̀ tuntun ju àwọn tí wọ́n ń ka oríṣiríṣi ìtàn fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye ìgbà kan náà ni gbogbo wọn gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ tó bá ń fẹ́ ìwé kan náà lójoojúmọ́ mọ ohun tó ń ṣe. Ẹ̀yin lẹ ó fara dà á, ìdí nìyẹn tí mo fi tẹnu mọ́ ìgbésẹ̀ kẹta.

Ẹ kó àwọn ìwé náà sínú apẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀, kí iwájú wọn kọjú síta, torí ọmọ kò lè ka ẹ̀yìn ìwé tó tò gbọọrọ lórí pẹpẹ. Bí ibi ìkàwé gbogbo ènìyàn bá wà nítòsí yín, ẹ lò ó láti fi dán ìwé wò. Èyí tí ọmọ kò bá jẹ́ kí ẹ dá padà ni kí ẹ rà.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ kà á, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ sọ bóyá ẹ yàn án re

Ìṣẹ́jú mẹ́ta tó. Lẹ́yìn ìwẹ̀, kó tó sùn, nígbà tó bá jí tí inú rẹ̀ dùn. Bó bá yí ojú kúrò, tó na ara sẹ́yìn, tó ń yán, ó ti tó, ẹ pa ìwé dé. Ẹ kò jẹ ìwé náà ní gbèsè pé ẹ gbọ́dọ̀ kà á dé ìparí. Bó bá ṣí ojú ewé kẹta ṣáájú ìkíní, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìkẹta. Bó bá dorí rẹ̀ kodò, ẹ kà á bẹ́ẹ̀. Ẹ dárúkọ ohun tó ń wò, ẹ má dárúkọ ohun tí ẹ fẹ́ kó wò. Kí ẹ sì dákẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó rí i pé ó ń fi "a-a" tàbí ìka dá yín lóhùn.

Ní ti ìwé orí fóònù àti tábúlẹ́ẹ̀tì, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2019 kò fọwọ́ sí wíwo ojú ẹ̀rọ aláwòrán kankan fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Kíkàwé àti sísọ ìtàn pẹ̀lú ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ni wọ́n ní kí a fi rọ́pò nígbà tó bá jókòó. Ojú gíláàsì kò ṣeé jẹ ní igun, kò sì ní ojú ewé tí àtàǹpàkò lè kọ́ bí a ti ń ṣí i.

Ìwé tí ọmọ kò bá gbà, ẹ má fún un ní tipátipá. Ẹ gbé e pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ẹ tún gbé e jáde. Àbúrò àkọ́bí mi kọ̀ láti gba ìwé kan nígbà mẹ́ta. Nígbà tó di oṣù mẹ́rìnlá, òun fúnra rẹ̀ ló wọ́ ọ wá láti inú apẹ̀rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó sì jókòó gbì sí mi lẹ́sẹ̀.

Ìwé àkọ́kọ́ tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù náà ńkọ́? Mo gbé e sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ọmọ tó ni ín pé ọdún mẹ́rin. A kà á dé ojú ewé tó ya, ó wò ó, ó wo ojú mi, ó ní ta ló ṣe irú eléyìí. Mo ní ìwọ ni. Kò gbà títí di òní.